Ohùn Tí Wọ́n Pàtẹ́wọ́ Fún

Bí ohùn yín bá ha, tí ẹ fi oyin àti omi gbígbóná sí i, tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá tí kò là, ẹ dìde kí ẹ lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ má dúró gbọ́ ohun tí ará ilé fẹ́ sọ. Ẹ má sì dúró gbọ́ ohun tí ọ̀rẹ́ fẹ́ sọ, pàápàá bí ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ náà bá dùn létí. Èmi gbọ́ tọ̀tún tòsì, mo sì pẹ́ kí n tó dé iwájú dókítà. Ohun tí ojú mi rí nínú ìpẹ́ yẹn ni mo fẹ́ kọ síbí, fún ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé jẹjẹrẹ wà ní ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, àti fún ẹni tí ó wà lára rẹ̀ tí kò tíì mọ̀.

Màá kọ ọ́ bí ó ṣe rí. Àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn wà láàyè, wọ́n sì mọ̀wé kà. Bí ó bá dùn wọ́n, wọ́n ní ohùn tí wọn yóò fi fèsì. Èmi kò ní.

Tíṣà ni mí. Mo kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé girama ní Yorùbá títí ìjọba fi ní kí n lọ sinmi. Kúdẹtì ni wọ́n bí mi sí, nínú ilé tí a ti ń ka Bíbélì sókè láràárọ̀, tí bàbá wa máa ń gbé pàṣán sí ẹ̀gbẹ́ nítorí ọmọ tó bá fo ìlà. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń kàwé fún etí ẹlòmíràn. Bẹ́yẹrúnka ni mo lọ́kọ sí, ibẹ̀ náà ni mo wà títí di òní, nínú ilé ọkọ mi tó ti di olóògbé. Mo ti lé ní àádọ́rin ọdún.

Lẹ́yìn tí ọkọ mi kú, ohun kan ṣoṣo tó ń mú mi jáde nílé ni ẹgbẹ́ kan tó ń pàdé ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé ní Òkè Pádre. Òǹkọ̀wé kan ló so wá pọ̀. Ìwé ẹlẹ́rù ni ọkùnrin náà ń kọ: òkú tí kò sùn, ilé tó ń mí, kànga tó ń pe ọmọ lórúkọ. Ìwé tó ti kọ pọ̀ débi pé, bí wọ́n ṣe wí, òun alára kò rántí orúkọ gbogbo wọn mọ́. Bí ẹ bá ṣe ń parí ọ̀kan ni òmíràn ń dé ọwọ́ ẹni tó ń pàtẹ ìwé ní Bẹẹrẹ. A kò mọ ojú rẹ̀. Bàbá Ẹ̀rù ni a ń pè é láàárín ara wa.

Ẹ má rò pé ẹgbẹ́ àwọn tí orí wọn dàrú ni. Télọ̀ wà níbẹ̀, awakọ̀ wà níbẹ̀, àlàájà kan tó ń ta aṣọ òkè ní Ọjà'ba wà níbẹ̀. Bí a bá ti jókòó, oníkálukú á sọ ibi tí ẹ̀rù ti bà á nínú ìwé tó kà lọ́sẹ̀ náà. Àlàájà a máa ní láti ìgbà tí òun ti ka ti kànga, òun kì í bu omi láìkọ́kọ́ ṣe bísímílà sí ẹnu korobá. Télọ̀ á ní òun ti yí ojú dígí ṣọ́ọ̀bù òun sí ògiri, oníbàárà tó bá fẹ́ wo ara rẹ̀ kó lọ wo ara rẹ̀ nílé. A máa ń rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wa. Ó ti pẹ́ tí mo ti rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn. Lẹ́yìn ẹ̀rín ni màá wá ṣí ìwé, tí màá ka orí kan sókè fún gbogbo ilé. Púpọ̀ nínú wọn mọ̀ ọ́n kà fúnra wọn. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ẹ̀rù tí èèyàn fi ojú kà kò tó èyí tó bá gba etí wọlé.

Ọ̀gbẹ́ni Gbádébọ̀ ni alága wa. Ó ti ṣiṣẹ́ ní bánkì rí, pálọ̀ rẹ̀ ni a sì ń lò.

Ìwé tí a ń kà nígbà tí àìsàn mi bẹ̀rẹ̀ ni ti ìyá arúgbó kan tó kú sínú àjà ilé, tó sì kọ̀ tí kò sọ̀kalẹ̀. Inú àjà ló ti ń bá àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Òǹkọ̀wé ní ohùn rẹ̀ dà bí ìgbà tí wọ́n ń wọ́ àpò yẹ̀pẹ̀ lórí pákó. Lọ́jọ́ tí mo dé ibi tí ìyá yìí ti kọ́kọ́ la ẹnu, ohùn mi ti ha láti àárọ̀. Mo rò pé ọyẹ́ ni. Mo fi ikọ́ là á, kò là. Mo kàn ń kà á lọ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí mo parí, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ẹgbẹ́ wa kì í pàtẹ́wọ́ tẹ́lẹ̀. Àlàájà di ẹni tó jókòó tì í mú, ó ní ìyá náà ti sọ̀kalẹ̀ wá bá wa.

Ní Sátidé kejì, mo sọ fún wọn pé ohùn náà kò tíì là, pé mo fẹ́ yà lọ́dọ̀ oníkẹ́míìsì bí mo bá ń lọ sílé. Alága ló dìde.

Ó ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì lo nǹkan kan sí i. Ẹ jẹ́ ká parí ìwé yìí ná. Oore ni Ọlọ́run fi ohùn yẹn ṣe yín.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà lọ, ó ń gbé fóònù rẹ̀ síwájú mi, ó ń gba ohùn mi sílẹ̀, ó ń fi ránṣẹ́ lórí Wásáàpù sí àwọn olólùfẹ́ Bàbá Ẹ̀rù ní ìlú mìíràn. Àwọn ará Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ ń wọkọ̀ wá ní Sátidé kí wọ́n lè gbọ́ mi. Pálọ̀ kún dé ẹnu ọ̀nà. Èmi opó tí odidi ọ̀sẹ̀ lè kọjá kí ẹnikẹ́ni tó kí mi, wọ́n wá ń fẹ́ bá mi ya fọ́tò.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ ohun tó fà á tí n kò fi tètè lọ. Bí àìsàn bá bá ìrora wá, ẹni tó ń rora á wá ìwòsàn. Tèmi bá àtẹ́wọ́ wá.

Ìwé ìyá inú àjà parí, ohùn kò là. Òmíràn bẹ̀rẹ̀, kò là. Nígbà tó yá, bí mo bá gbé itọ́ mì, ó ń gún mi dé inú etí. Oníkẹ́míìsì tí mo lọ bá fún mi ní oògùn tí wọ́n ń kán sí etí. Ẹ̀bà kì í lọ mọ́ àfi kí n fi omi tì í. Òkè Mápó tí mo ti ń gùn láti ìgbà ọmọge, mo wá ń di ògiri mú gùn ún, àwọn tó ń kọjá á ní, “Màmá, ẹ rọra o.” Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo wúkọ́ sínú abọ́, mo rí ẹ̀jẹ̀. Nígbà yẹn ohùn ti di èémí lásán. Bí mo bá fi gbogbo agbára wá a, á jáde ní ẹyọ ẹyọ bí omi ẹ̀rọ tí wọ́n fẹ́ tì.

Mo fi ìwé pélébé ránṣẹ́ sí Alága pé n kò lè wá mọ́. Ó fèsì pé kí n sinmi, ó sì bi mí bóyá mo lè gbìyànjú ka kékeré lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, nítorí àwọn àlejò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹnìkejì tí ọ̀rọ̀ yìí kàn báyìí. Àbúrò ọkọ mi obìnrin ni. Mo fi ọdún bíi mélòó kan jù ú lọ, ṣùgbọ́n wọ́n ti bí i kí n tó wọ ilé wọn, nítorí náà ọkọ mi ni òun náà. Ìyàwó ló ń pè mí, èmi ni mo sì ń kúnlẹ̀ kí i. Kì í fi “ẹ̀yin” bá mi sọ̀rọ̀. Gẹ́gẹ́ bí àṣà ilé wa, ìyàwó kì í pe ọmọ ilé lórúkọ. Eyínfúnjowó ni mo sọ ọ́ ní ọ̀sẹ̀ tí mo wọlé, nígbà tí mo ṣì fẹ́ kó fẹ́ràn mi. Ọdún tí mo ti ń pè é bẹ́ẹ̀ ti lé ní ogójì. Kò fẹ́ràn mi.

Nígbà tó gbọ́ pé mi ò lè sọ̀rọ̀, ó wá. Kò wo ọ̀fun mi. Pẹpẹ ìwé mi ló ń wò, àwọn ìwé Bàbá Ẹ̀rù tó tò lọ sókè lórí rẹ̀.

Ó ní, “Ìyàwó, o ń yá òkú lóhùn láti ọjọ́ yìí. Òkú ti gbà á, kò dá a padà.”

Mo jẹ́ kó lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dùn létí ará ilé, wọ́n gbé e káàkiri agboolé. Oníkálukú wá ń gbé tirẹ̀ dé. Ẹni tó gbé orógbó wá ń bẹ, ẹni tó gbé oyin ìgàn wá ń bẹ, ẹni tó ní kí n máa mu omi ewúro láàárọ̀ kí n tó fọ ẹnu ń bẹ. Eyínfúnjowó gbé òróró tí wọ́n gbàdúrà sí wá láti ìjọ rẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú, ó ní kí n máa fi pa ọrùn. Mo mu gbogbo èyí tí wọ́n ní kí n mu. Ó rẹ̀ mí, agbára tí èèyàn fi ń kọ̀ kò sí lára mi mọ́. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó pe ilé ìwòsàn lórúkọ. Mojí, ọmọ mi kan ṣoṣo tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìlọrin, ì bá pè é, ṣùgbọ́n orí fóònù ni a ti ń sọ̀rọ̀, bí mo bá sì ń mí sí i létí, ó rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Á ní, “Màmi, mi ò gbọ́ yín dáadáa, màá tún pè yín.” Á sì já a.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Eyínfúnjowó mú wòlíì rẹ̀ wá, pẹ̀lú àwọn obìnrin inú ìjọ. Wọn kò jókòó. Wọ́n kó ìwé mi kúrò lórí pẹpẹ, wọ́n kó o dà sílẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé, wọ́n bu kẹrosíìnì sí i. Èyí tó wà lọ́wọ́ mi, Eyínfúnjowó ló já a gbà. Àwọn aládùúgbò ti yọjú lójú fèrèsé. Wòlíì náà mọ ohun tó ń ṣe. Ó kọjú sí mi kí gbogbo èèyàn lè gbọ́.

Ó ní, “Màmá, ṣé tinútinú yín lẹ fi yọ̀ǹda àwọn ìwé yìí?”

Mo la ẹnu. Mo ní rárá. Mo ní ẹ má fọwọ́ kàn án, owó oṣù mi ni mo fi rà á, ìwé ni, kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan. Gbogbo rẹ̀ ni mo sọ, èémí ló ń jáde.

Eyínfúnjowó ní, “Ó ti gbà. Ẹni tó dákẹ́ ti gbà.”

N kò dákẹ́. Mo ń pariwo. Kò sí ohùn nínú ariwo náà ni. Wọ́n ṣáná sí i, èéfín wọ̀ mí lọ́fun, mo ń wúkọ́ títí mo fi wó lulẹ̀ lórí eékún. Wọ́n ní òkú ló ń jáde lára mi. Wọ́n kọrin. Kí wòlíì tó lọ, ó pàṣẹ pé n kò gbọdọ̀ dé ilé ìwòsàn kankan títí àdúrà yóò fi pé, kí abẹ́rẹ́ má baà ba iṣẹ́ Ọlọ́run jẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, bí ẹnikẹ́ni bá sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn fún yín, ẹ wọ bàtà yín. Èmi náà wọ tèmi, ṣùgbọ́n mo dúró di ìgbà tí Eyínfúnjowó lọ sọ́jà. Mo kọ orúkọ ilé ìwòsàn sórí ìwé, mo nà án sí onímáíkírà kan tó ń fi mọ́tò rẹ̀ gbé èrò ní Bẹẹrẹ, ó sì gbé mi lọ.

Ní ilé ìwòsàn, ẹ ó kọ́kọ́ gba káàdì, lẹ́yìn náà ẹ ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú èrò, nọ́ọ̀sì á máa pe orúkọ láti ẹnu ọ̀nà. Ẹni tí wọ́n bá pè á dáhùn. Wọ́n pè mí, mo dáhùn, kò sẹ́ni tó gbọ́. Kí n tó la àárín èrò kọjá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti pe ẹlòmíràn, ó ní kí màmá lọ jókòó, òun á pè wọ́n. Ọ̀sán ti pọ́n kó tó tún kàn mí. Lọ́tẹ̀ yìí mo bọ́ bàtà kan, mo fi lu bẹ́ǹṣì. Gbogbo èèyàn yíjú. Bàbá kan lẹ́yìn mi ní, “Ẹ jókòó dáadáa o, tíṣà ti dé.” Kò mọ̀ mí rí. Bí ẹ kò bá ní ohùn, ẹ mú ẹni tó ní ohùn dání lọ sí ilé ìwòsàn. Bí kò bá sí, ẹ mú bàtà tó le.

Dókítà tó rí mi, obìnrin ni, ó kéré sí Mojí. Ó ki okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ní iná lórí bọ imú mi, ó fi wo ọ̀fun mi. Wọ́n mú ẹran díẹ̀ níbẹ̀ lọ yẹ̀ wò, wọ́n ní kí n padà wá. Nígbà tí mo padà lọ, ó fi àga rẹ̀ sún mọ́ tèmi, mo sì mọ̀.

Ó ní, “Mà, ìgbà wo ni ohùn yín ti bẹ̀rẹ̀ sí í ha?”

Mo kọ ọ́ sílẹ̀ fún un. Ọ̀pọ̀ oṣù ni.

Ó ní, “Kí ni àwọn èèyàn yín ń sọ ní gbogbo ìgbà yẹn?”

Mo kọ ọ́ pé: wọ́n ní ó dùn.

Ó kà á, ó tún un kà, ó wo ojú mi bóyá yẹ̀yẹ́ ni mo ń ṣe. N kò ṣe yẹ̀yẹ́.

Ó ní ká ní mo wá nígbà tí ohùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ha ni, ó ṣeé ṣe kí iná ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi pa jẹjẹrẹ ti tó, kí ohùn mi sì wà síbẹ̀. Ní báyìí, àfi kí wọ́n gé gbogbo gògóńgò kúrò. Ọrùn ni wọn yóò lu, ibẹ̀ ni màá máa gbà mí. N kò ní fi ẹnu sọ̀rọ̀ mọ́ títí ayé. Bí n kò bá ṣe é, kò ní pẹ́ tí ibẹ̀ yóò fi dí pátápátá.

Mojí wá láti Ìlọrin. Ó jókòó sórí ibùsùn mi, ó ń sunkún nítorí gbogbo ìgbà tó já fóònù. Ilẹ̀ kan wà tí ọkọ mi rà fún mi nígbà ayé rẹ̀, orúkọ mi ló wà lórí rẹ̀. Mo ní ká tà á, iṣẹ́ abẹ náà wọ́n. Ará ilé pé jọ nítorí ilẹ̀ ju bí wọ́n ṣe pé jọ nítorí ọ̀fun. Eyínfúnjowó ní òkú ni èèyàn tí kò lóhùn, pé kí ló dé tí a ó ta ilẹ̀ ẹbí láti fi ra òkú. Bàbá kan nínú wọn ní obìnrin tí kò lè sọ̀rọ̀, ṣé kì í ṣe ohun tí gbogbo ọkọ ń tọrọ ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo wo ẹnu wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe ń rín in. Mojí bá mi ta ilẹ̀ náà síbẹ̀.

Alága náà wá, pẹ̀lú ọsàn nínú ọ̀rá. Ó bẹ̀ mí pé ká kọ́kọ́ gbìyànjú iná ná. Nígbà tí Mojí sọ fún un pé dókítà ti ní iná nìkan kò lè tó mọ́, ó gbé ọsàn náà sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní ìwé tuntun Bàbá Ẹ̀rù ti jáde. Ó ní bí mo bá lè bá wọn ka orí àkọ́kọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀nba tó kù, òun á gbà á sílẹ̀, yóò jẹ́ ohun ìrántí. Ó ti yọ fóònù lápò kó tó parí ọ̀rọ̀. N kò kórìíra rẹ̀. Ó fẹ́ràn ohùn mi tọkàntọkàn, èmi tí mo ni ohùn ni kò rí.

N kò kà á. Mo ti mọ ẹni tí mo fẹ́ lo ìwọ̀nba tó kù fún.

Ní òwúrọ̀ tí a fẹ́ lọ gba ibùsùn fún iṣẹ́ abẹ, Eyínfúnjowó dé pẹ̀lú òróró rẹ̀. N kò kúnlẹ̀. Mo di àpá àga mú, mo kó gbogbo èémí tó wà ní àyà mi jọ, mo sì pè é ní orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́.

Mo ní, “Bọ́sẹ̀dé. Ìwọ lo jó ìwé mi. N kò gbà.”

Ó ní, “Ìyàwó. Èmi lo ń pè lórúkọ?”

Kò sí ohun tó kù nínú mi tí mo lè fi dá a lóhùn. Ọ̀rọ̀ tí mo fi ẹnu sọ kẹ́yìn láyé nìyẹn. Mojí ní ó yẹ kí n fi gbàdúrà. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ yìí, mi ò ní tàn yín. Nígbà tí mo jí, mo rò pé mo ń rì sómi. Èémí ń gba ibi tí kò gbà rí, ẹnu mi sì kàn wà lójú lásán. Imú ni wọ́n ti ń fi rọ́bà rọ oúnjẹ sí mi nínú. Itọ́ á dí ihò náà, ẹ ó na ọwọ́, nọ́ọ̀sì á wá fà á. Bí nọ́ọ̀sì bá ń tọ́jú ẹlòmíràn, ẹ ó dúró, ẹ̀rù tí ẹ ó fi dúró kò sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn tí ọgbẹ́ jinná ni wọ́n wá fi iná kún un, tí awọ ọrùn mi fi dúdú bí ìdí ìkòkò. Mo ń lọ, mo ń bọ̀, ó sì rẹ̀ mí débi pé nínú mọ́tò ni mo ti ń sùn lọ tí mo ti ń sùn bọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ wá sí wọ́ọ̀dù. Alága kò wá. Àlàájà wá, télọ̀ wá, awakọ̀ náà wá. Wọ́n ti gbọ́ pé wọ́n jó ìwé mi, oníkálukú sì mú ẹ̀dà tirẹ̀ dání láti fi rọ́pò. Òmíràn ti já, òmíràn ti ní àbààwọ́n epo. Bí wọ́n ṣe ń kó o lé orí ibùsùn ni wọ́n ń jiyàn lórí èyí tó dẹ́rù bani jù, títí nọ́ọ̀sì fi ní wọ́ọ̀dù lèyí o. Àlàájà ṣí ti kànga fún mi, ó fi ìka han ojú ìwé tó ká sí. Ó ní, “Ibí yìí ni mo ti sá wọ yàrá ọkọ mi. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí a ti ń bínú síra wa. Bàbá Ẹ̀rù ló là wá níjà.” Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ihò ọrùn mi ló wúkọ́.

Télọ̀ rò pé òun ń ṣe mí lóore. Ó ní ohùn mi ṣì wà lórí fóònù òun, ó tẹ̀ ẹ́. Mo gbọ́ ara mi nínú pálọ̀ Òkè Pádre, tí mo ń ka ìyá inú àjà. Àwọn tó wà lórí ibùsùn yòókù yíjú. Mo rí i lójú gbogbo ẹgbẹ́ pé wọ́n tún ti bọ́ sínú ìwé náà. Èmi kò gbọ́ ìyá kankan. Jẹjẹrẹ ni mo gbọ́, gbangba, láti ìlà àkọ́kọ́ dé ìparí. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ àtẹ́wọ́. Mo na ọwọ́, mo gba fóònù, mo pa á. Télọ̀ kò mọ ohun tó ṣe, n kò sì kọ ọ́ fún un. Ó ti ṣẹlẹ̀.

Bí mo ṣe wà báyìí nìyí. Àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe kẹ́yìn kò rí jẹjẹrẹ. Mo ń jẹ ẹ̀kọ àti ọbẹ̀ tí kò ní egungun. Aṣọ funfun kékeré ni mo fi ń bo ihò ọrùn mi, mo máa ń fi omi rẹ̀ ẹ́ nígbà ọyẹ́. N kò gbọdọ̀ jẹ́ kí omi dé ibẹ̀ bí mo bá ń wẹ̀. Ata tí wọ́n ń yan ní ilé kẹta lè dá mi dùbúlẹ̀. Àwọn ọmọdé agboolé ń sá fún mi. Bí mo bá fẹ́ nǹkan, mo ń kọ ọ́ sórí fóònù, mo ń nà án síni, àwọn tí kò fẹ́ gbọ́ tèmi á ní àwọn kò mú awò lọ́wọ́. Mo ṣì ń lọ sí ẹgbẹ́. Télọ̀ ló ń kàwé, ó ń sáré kà á bí ẹni tí oníbàárà ń dúró dè. Wọn kì í pàtẹ́wọ́ fún un.

Ní ọjọ́ Àìkú kan láìpẹ́ yìí, Bọ́sẹ̀dé ní kí n wá dúpẹ́ nínú ìjọ òun. Mojí bẹ̀ mí kí n lọ, kí àlàáfíà lè wà nílé. Mo lọ, mo jókòó níwájú níbi tí wọ́n fi mí sí. Bọ́sẹ̀dé gba máíkì. Ó ròyìn bí òkú ṣe de ìyàwó òun lóhùn, bí wọ́n ṣe jó ìwé, bí òkú ṣe bá ikọ́ jáde nínú èéfín. Ó ní àwọn dókítà kàn wá gé ibi tí ó wà tẹ́lẹ̀ ni. Ó ní, “Ó gbà. Òun fúnra rẹ̀ ló yọ̀ǹda kí a jó o.” Ìjọ hó. Wòlíì gba máíkì lọ́wọ́ rẹ̀, ó bọ́ sílẹ̀ wá bá mi, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ó ní, “Màmá, ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí?”

Ó sì gbé máíkì sí mi lẹ́nu bó ṣe máa ń gbé e sí gbogbo ẹni tó bá wá jẹ́rìí. Ó ti gbàgbé.

Mo gba máíkì náà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo tú aṣọ ọrùn mi. Mo fi ẹnu máíkì kan ihò náà, mo sì mí. Gbohùngbohùn tó wà lára ògiri gbé e: ó wọlé, ó jáde, ó wọlé, ó jáde, ó gba gbogbo ilé. Ariwo ìjọ rọlẹ̀. Ọmọ kan bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún lẹ́yìn, wọ́n gbé e jáde. N kò kánjú. Mo jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ dáadáa. Nígbà tí kò sí ìró mìíràn níbẹ̀ mọ́ bí kò ṣe tèmi, mo wo Bọ́sẹ̀dé lójú, mo mi orí sí ọ̀tún, mo mi í sí òsì.

Mo dá máíkì padà fún wòlíì, mo so aṣọ mi, mo jókòó. Kò sẹ́ni tó ṣe àmín.